Nígbà tí wọ́n bá gbé ọmọ tí gìrì mú wọlé: iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ẹnu nọ́ọ̀sì

Àsìkò òjò ni gìrì máa ń pọ̀ jù ní Òṣogbo. Omi á dúró sínú gọ́tà, ẹ̀fọn á bí sí i, ibà á gbòde, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì máa ń jìyà rẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ wọn kì í wá lọ́sàn-án gangan. Òru ni, tàbí ìdájí, lórí ọ̀kadà, ìyá gbá ọmọ mọ́ àyà, ìyá àgbà ń bọ̀ lẹ́yìn lórí ọ̀kadà mìíràn. Ara ọmọ ti le gbagidi, ojú rẹ̀ ti yí sókè, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Igbe “ọmọ mi ti kú o” ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó rí ọmọ fúnra rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera tó wà ní ilé ìwòsàn kékeré, níbi tí dókítà lè má sí nítòsí lóru, la kọ èyí fún. Ìwọ̀n oògùn inú rẹ̀ bá ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé mu. Bí èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé iṣẹ́ yín bá yàtọ̀, ti ògiri yẹn ni kí ẹ tẹ̀lé. Ìyá tó bá ń kà á náà á rí ohun tó lè ṣe nílé kó tó gbéra.

Ká ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: ìyá tí ẹ bá jágbe mọ́ lẹ́nu ọ̀nà kò ní sọ ohun tó rọ sí ọmọ lẹ́nu nílé, ohun tí kò sì sọ yẹn lè jẹ́ òun gan-an ló ń mú ọmọ lọ lójú yín. Bí ẹ ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ wà lára ìtọ́jú, bí abẹ́rẹ́ ṣe wà lára rẹ̀.

Kí ọmọ tó dé

Tíréè kan ni kó wà nílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú nǹkan lórí rẹ̀ fún aláìsàn mìíràn, kó sì wà níbi tí ọwọ́ yín á ti tó o nínú òkùnkùn. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ nìyí:

- Ambu bag ọmọdé (báàgì tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ láti fẹ́ atẹ́gùn sínú ọmọ tí kò mí) pẹ̀lú ìbòmú méjì, ti ọmọ ọwọ́ àti ti ọmọ tó ti ń rìn
- rọ́bà tí a fi ń fa itọ́ àti ikun
- diazepam (oògùn tó ń dá gìrì dúró) 10 mg nínú 2 ml, ìgò mẹ́ta
- síríǹjì 1 ml mẹ́ta, lẹ́yìn náà 2 ml, 5 ml, 10 ml àti 20 ml
- kánúlà (rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń fi sílẹ̀ sínú iṣan) aláwọ̀ ìyeyè (24) àti aláwọ̀ búlúù (22), pẹ̀lú téèpù
- glukósì 50% tàbí 10%, àti omi abẹ́rẹ́
- ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú pépà rẹ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá
- artesunate (oògùn ibà ẹ̀fọn) tí a ń kì sí ìdí, 100 mg, àti ti abẹ́rẹ́, 60 mg, pẹ̀lú àwọn omi tí a fi ń pò ó
- parasitámọ́ọ̀lù tí a ń kì sí ìdí, 125 mg
- ṣúgà inú ike tó ní ọmọrí, àti ṣíbí ìmutíì kan
- tọ́ọ̀ṣì tí a ń dè mọ́ orí

Sìlíńdà ọ́síjìn lè kún dẹ́múdẹ́mú kó má wúlò rárá, nítorí pé irin tí wọ́n fi ń ṣí i ti bọ́ sínú dúróò ẹnìkan. Ẹ fi okùn so ó mọ́ ọrùn sìlíńdà. Diazepam ńkọ́? Oògùn tí a ń tì mọ́ àpótí ni, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ àpótí kò gbọdọ̀ bá mátírọ́ọ̀nù lọ sílé. Kí ẹni tó ń lọ fà á lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́, kí àwọn méjèèjì ka ìgò, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Tọ́ọ̀ṣì orí náà kì í ṣe fáàrí. Bí NEPA bá mú iná lọ, kí jẹnẹrétọ̀ tó dáhùn, ìṣẹ́jú mẹ́ta ti lọ, ọwọ́ tó ń di tọ́ọ̀ṣì fóònù mú kò sì lè wá iṣan.

Ẹ lẹ ìwọ̀n oògùn mọ́ ògiri lókè tíréè gẹ́gẹ́ bí ìwúwo ọmọ, nítorí ìṣirò kì í yá lórí nígbà tí ìyá bá ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni. Bí kò bá sáyè láti gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, ẹ fojú díwọ̀n rẹ̀ báyìí. Ọmọ tó ti pé ọdún kan: ẹ fi 4 kún ọjọ́ orí rẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ọmọ ọdún 2 á jẹ́ 12 kg. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan: ẹ fi 9 kún iye oṣù rẹ̀, kí ẹ pín in sí méjì. Ọmọ oṣù 7 á jẹ́ 8 kg.

Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́

Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gba ọmọ. Bí ẹ ti ń gbà á, ẹ sọ̀rọ̀, ohùn yín nílẹ̀: “Ìyá, mo ti gbà á. Ẹ tẹ̀lé mi.” Ìyẹn ti tó. Ẹ má bi í léèrè ìdí tó fi pẹ́ kó tó wá, ẹ má sì dá a padà síbi tí wọ́n ti ń gba káàdì. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014, ìpín 20, ti sọ ọ́ gbangba pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì pọ̀. Káàdì á dúró.

1. Ẹ wo aago, kí ẹ kọ àkókò sílẹ̀, ìbáà jẹ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ yín. Gbogbo ohun tó kàn, àkókò yìí la ó fi ṣe é.

2. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀ díẹ̀ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀ àti ohun yòówù tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn. Bí ó bá jẹ́ òǹdè tàbí tírà, ẹ tú u jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí ẹ gbé e lé ìyá lọ́wọ́. Ẹ má jù ú nù. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré nìyẹn gbà, ìyá á sì rí i pé ẹ kò wá bá òun jà.

3. Ẹ má ki ohunkóhun bọ ẹnu rẹ̀. Ṣíbí, ìka, igi, kò sí èyí tó dáa níbẹ̀. Ahọ́n kì í gbé ọmọ mì. Ṣíbí ló máa ń ká eyín, eyín tó bá ká lè bọ́ sí ọ̀fun, ọ̀rọ̀ á wá di méjì. Bí ìyá bá ti ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti ilé, ẹ dúró kí àgbọ̀n rẹ̀ dẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹ má fipá fà á.

4. Ẹ fi rọ́bà fa itọ́ àti èébì kúrò nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni, kì í ṣe inú ọ̀fun. Bí rọ́bà bá wọlé jù, ọmọ á bì, tàbí kí ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù jẹ́ẹ́.

5. Ẹ fún un ní ọ́síjìn nímú, lítà 1 sí 2 ní ìṣẹ́jú kan.

6. Ẹ wo àyà rẹ̀. Ṣé ó ń gòkè, ṣé ó ń sọ̀? Bí kò bá mí, tàbí tó ń mí ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń mí ẹ̀dùn, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ kí ẹ mú Ambu bag. Imú ọmọ ọwọ́ ni kó kọjú sókè tààrà. Ti ọmọ tó ju ọdún kan lọ, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀ bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì dáwọ́ dúró bí àyà bá ti gòkè. Ìbẹ̀rù ló máa ń mú ká tẹ̀ ẹ́ kíákíá pẹ̀lú agbára. Atẹ́gùn á gba inú lọ, ikùn á wú, ọmọ á bì, èébì á sì wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Bí ẹ bá jẹ́ méjì, ẹnìkan orí ọmọ, ẹnìkan oògùn. Bí ẹ bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ pe gáàdì wọlé. Ó lè tan iná, ó lè ka aago, ó lè pe dókítà lórí fóònù. Ìyá náà ní ipò tirẹ̀, ibi ẹsẹ̀ ọmọ. “Ìyá, ẹ wá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú fún mi, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́.” Ìyá tí ẹ bá tì síta á máa lu ilẹ̀kùn, ìyá tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ á máa mí. Ẹ máa sọ ohun tí ẹ ń ṣe fún un bí ẹ ti ń ṣe é: “Ó ń mí. Mo ti fi atẹ́gùn sí i nímú. Oògùn tó máa dá a dúró ló kàn.” Ẹ má sọ pé kò sí nǹkankan. Nǹkan wà, ojú rẹ̀ sì ń rí i.

Oògùn tó ń dá gìrì dúró

Ọ̀pọ̀ gìrì tí ibà fà máa ń dúró fúnra rẹ̀ kó tó pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Èyí tó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún la ń fún ní oògùn. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá ṣì ń fà nígbà tó dé ọ̀dọ̀ yín ti kọjá rẹ̀, nítorí ọ̀nà láti Òkè-Baálẹ̀ tàbí Ọ̀tà-Ẹ̀fun nìkan ti ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí ni ọ̀nà tó yá jù. Ẹ má jókòó máa wá iṣan ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìwọ̀n diazepam láti ìdí jẹ́ 0.5 mg fún kg kan. Èyí tó wà nínú ìgò 10 mg nínú 2 ml jẹ́ 0.1 ml fún kg kan. Ọmọ 8 kg, 0.8 ml. Ọmọ 10 kg, 1 ml. Ọmọ 14 kg, 1.4 ml. Ẹ fà á sínú síríǹjì 1 ml (bí ó bá ju 1 ml lọ, síríǹjì 2 ml), ẹ yọ abẹ́rẹ́ kúrò, ẹ fi fásílíìnì pa ẹnu síríǹjì, kí ẹ kì í wọ ìdí ọmọ ní 4 sí 5 cm. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ yọ síríǹjì, kí ẹ sì fún ìdí rẹ̀ pọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Iṣẹ́ tó dáa fún ìyá nìyẹn, ẹ kàn fi hàn án.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ rèé. Wọ́n á gún diazepam sí itan: ó máa ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa ṣiṣẹ́, nígbà tí wọ́n bá sì ti fún un lẹ́ẹ̀kejì, méjèèjì á jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, èémí á dúró. Wọ́n á fi omi kún un kó lè pọ̀ nínú síríǹjì: á dàrú bí omi ọ̀gì, kò yẹ kó wọ ara ọmọ mọ́. Wọn kò ní kì í wọlé tó, tàbí kí wọ́n má fún ìdí pọ̀, oògùn á ṣàn padà sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á ní oògùn kò ṣiṣẹ́.

Bí gìrì kò bá dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ lè fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, ìwọ̀n kan náà. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí ni ààlà ní ilé ìwòsàn kékeré. Oògùn mìíràn ló kàn, phenobarbital, ọsibítù ńlá ló sì yẹ kó ti gbà á. Láti ìgbà tí diazepam bá ti wọlé, kí Ambu bag wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọmọ, kí ojú ẹnìkan má kúrò ní àyà rẹ̀.

Ọmọ tuntun jòjòló yàtọ̀. Bí kò bá tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má fún un ní diazepam. Gìrì tirẹ̀ kì í ṣe gìrì ibà. Ó lè jẹ́ pé ṣúgà rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, pé ìwọ́ rẹ̀ ti kó àrùn, tàbí pé ojú rẹ̀ ti pọ́n jù (ibà pọ́njú). Ẹ wọn ṣúgà rẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó móoru, kí ẹ sì gbé e lọ.

Ṣúgà, kí ẹ tó ro nǹkan mìíràn

Bí ẹnìkan bá ń fún un ní diazepam, kí ẹnì kejì gún gìgísẹ̀ tàbí ìka rẹ̀. Àìsàn ibà tó le máa ń jẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé tán, ọmọ tí kò sì jẹun láti àná kò ní nǹkan nípamọ́. Gìrì tí àìsí ṣúgà fà kò ní gbọ́ ti diazepam. Bí ẹ̀rọ bá fi hàn pé kò tó 45 mg/dl (54 fún ọmọ tó rù), tàbí tí kò bá sí ẹ̀rọ rárá, ẹ ṣe bí ẹni pé ó ti lọ sílẹ̀.

Glukósì 10% ni kí ẹ fi sí iṣan, 5 ml fún kg kan. Bí 50% lẹ bá ní, ìdá kan rẹ̀ sí ìdá mẹ́rin omi abẹ́rẹ́. Ọmọ 10 kg nílò 50 ml: 10 ml glukósì 50%, 40 ml omi. Ẹ má fún un ní 50% láìpò ó, á jó iṣan rẹ̀, bó bá sì jò síta, ẹran ibẹ̀ á kú. Bí iṣan kò bá ṣeé rí, ẹ dúró kí gìrì dáwọ́, kí ẹ fi omi ẹ̀kán kan tàbí méjì rin ṣúgà ṣíbí ìmutíì kan, kí ẹ fi í sábẹ́ ahọ́n rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú. Ṣúgà ìdílé lásán nìyí, ó sì ti gba ọmọ là. Ẹ tún ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọ̀n lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, torí ó máa ń lọ sílẹ̀ padà.

Ìbéèrè tó ṣòro jù

Gìrì ti dáwọ́, tàbí ó ń dáwọ́ bọ̀. Ó kù kí ẹ mọ ohun tí wọ́n ti ṣe nílé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ti ń pàdánù.

Bí ẹ bá ní “Kí lẹ fún un? Ṣé ẹ ti rọ àgbo sí i lẹ́nu ni?”, ìdáhùn tí ẹ máa gbọ́ ni “Rárá o, a ò fún un ní nǹkankan.” Ìyá àgbà á wo ilẹ̀. Òórùn àgbo á sì máa ti ẹnu ọmọ jáde. Ẹ jókòó, kí ojú yín àti tiwọn dọ́gba, kí ẹ sọ ọ́ báyìí: “Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Gbogbo ìyá ló máa ń wá nǹkan ṣe nígbà tí gìrì bá mú ọmọ. Mi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni wí. Mo fẹ́ mọ ohun tó ti wọ inú rẹ̀ kí oògùn tèmi má bàa bá a jà ni.” Ìyá àgbà ni kí ẹ bi, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ló sábà máa ń wà. Bí ẹ bá bi ìyá ọmọ lójú rẹ̀, kò ní lè tú ìyá ọkọ rẹ̀ fó.

Ìdí tí ìbéèrè yìí fi ṣe pàtàkì tó báyìí: àgbo gìrì àtijọ́ tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù, ewé tábà, aáyù, efinrin àti àlùbọ́sà ṣe ní oró tábà nínú. Àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò láti ọjọ́ pípẹ́. Ó máa ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó ń dín èémí kù, òun fúnra rẹ̀ sì lè fa gìrì. Ẹ rí i nígbà náà pé ọmọ tó mu ún lè má jí bí ibà tilẹ̀ ti lọ. Ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò kí ẹ máa wọn ṣúgà rẹ̀ léraléra, kí ẹ sì ṣọ́ èémí rẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, pàápàá bí diazepam bá ti wọlé. Ohun tí kò lóró náà léwu bí wọ́n bá rọ ọ́ sí ọmọ tí kò mọ ara rẹ̀ lẹ́nu, ìbáà jẹ́ omi tútù. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Bí àyà rẹ̀ bá ń ró gúrúgúrú, tó ń mí kíákíá, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìfiránṣẹ́.

Ẹ bi í nípa kẹ́míìsì pẹ̀lú. “Ṣé ẹnikẹ́ni ti gún un ní abẹ́rẹ́ lónìí tàbí lánàá?” Ó lè jẹ́ pé diazepam kan ti wọ ara rẹ̀ kí ti yín tó wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ara ọmọ láìsọ̀rọ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀, bóyá wọ́n ti gbé e sórí iná. Ojú, bóyá wọ́n fi ata tàbí àlùbọ́sà sí i. Awọ ara, bóyá kẹrosíìnì ni wọ́n fi pa á. Bí ẹ bá rí egbò iná, ẹ fi omi tútù tó mọ́ ṣàn án, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má pariwo. Ìyá náà ti rí i kí ẹ tó rí i, ìtìjú rẹ̀ ti tó o.

Ibà tó wà nídìí rẹ̀

Ẹ fi pépà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà ẹ̀fọn. Bí ó bá wà níbẹ̀, ọmọ tí gìrì ti mú tí kò sì jí dáadáa nílò artesunate, kì í ṣe oògùn ibà ti ẹnu. Bí ẹ kò bá lè gún un, ti ìdí wà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà: 10 mg fún kg kan, lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ tó gbé e lọ. Ọmọ 10 kg, ẹyọ 100 mg kan. Ẹ fún ìdí rẹ̀ pọ̀; bó bá jáde kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, ẹ fi òmíràn sí i. Ẹ̀yà yìí kì í wo ibà tán. Ó kàn ń gbà á là lójú ọ̀nà títí á fi dé ibi tí wọ́n á ti máa bá a lọ.

Fún ti iṣan, ẹ fi 1 ml sodium bicarbonate po ìyẹ̀fun 60 mg, ẹ mì í títí á fi mọ́ gaara, kí ẹ wá fi 5 ml omi iyọ̀ tàbí glukósì 5% kún un. Ó di 10 mg nínú ml kan. Ọmọ tí kò tó 20 kg ń gba 3 mg fún kg kan: ọmọ 10 kg, 3 ml. Ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn wákàtí 12, lẹ́yìn wákàtí 24. Ẹ má fi omi abẹ́rẹ́ lásán pò ó, ẹ má sì tọ́jú èyí tó kù, kò ju wákàtí kan lọ.

Parasitámọ́ọ̀lù jẹ́ 15 mg fún kg kan, láti ìdí níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì jí. Ẹ bọ́ aṣọ tó wúwo, ẹ ṣí fèrèsé. Omi tútù tí wọ́n ń dà sí ọmọ lórí kò ṣe é láǹfààní, ìgbọ̀n ló ń fà, ìgbọ̀n sì tún ń mú ara gbóná.

Ọ̀rọ̀ dríìpù: àwọn ẹbí á ní “ẹ fa omi sí i lára.” Ojú wọn ni omi tó ń kán ti ń jọ ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ní ibà líle tí kò ṣu, tí kò bì, tí ara rẹ̀ kò gbẹ, kò nílò omi ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe ní Uganda, Kenya àti Tanzania, tó jáde ní 2011, fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n yára fa omi púpọ̀ sí lára kú ju àwọn tí wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún lọ. Ẹ jẹ́ kí kánúlà wà níbẹ̀, kí omi máa kán díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà tó yẹ kó lọ, àti bó ṣe máa lọ

Ní Òṣogbo, ọsibítù olùkọ́ni UNIOSUN (ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun) àti ọsibítù ìjọba tó wà ní Asubiaro ni wọ́n sábà máa ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má dúró bí gìrì bá ju ìṣẹ́jú 15 lọ, bí ó bá tún padà wá lọ́jọ́ kan náà, bí apá kan ara nìkan bá ń fà, bí ọmọ kò bá jí lẹ́yìn wákàtí kan, bí ọrùn rẹ̀ bá le (yírùnyírùn lè jẹ́ nìyẹn), bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá funfun báláú, bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú, bí ó bá ń mí gùlegùle, tàbí bí kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà.

Ẹ pe wọ́n kí ẹ tó gbéra. Ìwé tí ẹ máa fi ránṣẹ́ kò gùn: ìgbà tí gìrì bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó dúró, ìwúwo, gbogbo oògùn àti ìwọ̀n àti aago tí ẹ fún un, ṣúgà tí ẹ rí, ohun tí wọ́n fún un nílé. Dókítà tó bá gbà á tí kò mọ̀ pé ẹ ti fún un ní diazepam lẹ́ẹ̀mejì á fún un lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pọ̀n ọ́n. Èyí kì í rọrùn láti sọ fún ìyá Yorùbá, ẹ̀yìn ìyá ni ibi ààbò ọmọ. Ṣùgbọ́n orí ọmọ tí kò mọ ara rẹ̀ á tẹ̀ wálẹ̀ nínú ìró, ọ̀nà èémí á pa dé, kò sì sẹ́ni tó máa rí i títí wọ́n á fi dé. Lórí itan ni, fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ojú rẹ̀ síta. Ọkọ̀ ló dára ju ọ̀kadà lọ. Bí kò bá sí ọkọ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá ṣeé tẹ́ ọmọ sí. Nínú oṣù kẹjọ, lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun, ẹ bi awakọ̀ léèrè ọ̀nà tó máa gbà kí ẹ tó wọlé, nítorí apá Ọjà-Ọba àti Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun á ti dí pa. Kí nọ́ọ̀sì kan bá wọn lọ pẹ̀lú Ambu bag, bí ẹ bá ju ẹyọ kan lọ.

Bí ó bá dúró lọ́dọ̀ yín

Ọmọ á sùn lẹ́yìn gìrì. Oorun ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kò burú, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá oorun ni. Ìpele mẹ́rin la ń wò: ó la ojú fúnra rẹ̀, ó dáhùn bí wọ́n pè é, ìrora nìkan ló ń dáhùn, kò dáhùn rárá. Fún ìpele kejì, ìyá ni kí ẹ jẹ́ kó pè é. Ohùn nọ́ọ̀sì ṣàjèjì sí ọmọ. Ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí rẹ̀, kó fi oríkì rẹ̀ pè é, Àyìnkẹ́, Àjàní, bó ti máa ń kì í nílé. Ọmọ tí kò yíjú sí ẹnikẹ́ni á mi ìpéǹpéjú sí ìyẹn. Ìyá rí ohun tó ṣe, ẹ̀yin náà rí àmì tí ẹ ń wá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago, kí ẹ tún un ṣe ní ìṣẹ́jú 15-15.

Kò gbọdọ̀ mu, kò gbọdọ̀ jẹ, títí á fi lè jókòó kó sì gbé itọ́ mì. Ọmú ìyá ló kọ́kọ́ kàn.

Nígbà tí ojú bá ti wálẹ̀ ni kí ẹ tó ṣàlàyé, kí ìyá àgbà wà níbẹ̀, torí òun ló máa pàṣẹ bí ó bá tún ṣẹlẹ̀. “Ibà ló mú ara rẹ̀ gbóná dé ọpọlọ. Ọmọ ọwọ́ sí ọmọ ọdún márùn-ún ló máa ń ṣe. Kì í ràn, kì í sì í ṣe wárápá.” Bí wọ́n bá ní ẹyẹ ló bà lé òrùlé, ẹ má bá wọn jiyàn. “Màmá, ẹ máa gbàdúrà yín, ẹ jẹ́ ká jọ lé ẹ̀fọn jáde.” Ẹ wá fi ọwọ́ ṣe é fún wọn bí wọ́n ṣe máa ṣe é nílé: kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ lórí ẹní, kí wọ́n kó ohun líle kúrò nítòsí, kí wọ́n wo aago fóònù, kí wọ́n má rọ nǹkankan sí i lẹ́nu, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí wọ́n máa bọ̀. Kí ìyá àgbà ṣe é padà lójú yín. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é kò ní gbàgbé.

Ìgbà mìíràn, ọmọ kò ní padà bọ̀. Ẹ má sọ ọ́ ní kọ́rídọ̀, ẹ má sọ ọ́ nídùúró. Ẹ mú wọn wọ yàrá, kí ẹnìkan tó sún mọ́ ìyá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ láìfi bò: “Ìyá, a sa gbogbo ipá wa. Ọmọ ti ṣaláìsí.” Kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ jẹ́ kó gbé e bó bá fẹ́. Kì í ṣe ọjọ́ yẹn la ń sọ̀rọ̀ àgbo. Mùsùlùmí ló pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ àdúgbò ìlú yìí, wọ́n á sì fẹ́ sin ín kíákíá. Ẹ ti kọ ìwé rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó béèrè.

Èyíkéyìí tó bá ṣẹlẹ̀, kí ẹ tó jókòó, ẹ fọ Ambu bag, ẹ ju síríǹjì ọmọ yìí nù, ẹ ka diazepam tó kù, ẹ kọ ọ́ sí ìwé, ẹ fi ìgò tuntun dípò èyí tí ẹ lò, kí ẹ wo bóyá irin sìlíńdà ṣì wà lára okùn rẹ̀.